Ọ̀rá polyester tí mo fi ń tọ́jú màgasíìnì àtijọ́

Àwọn màgasíìnì àtijọ́ tí wọ́n fọwọ́ ya àwòrán èèpo iwájú wọn ni mò ń kó jọ. Saturday Evening Post, màgasíìnì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló pọ̀ jù nínú wọn, pàápàá iṣẹ́ àwọn ayàwòrán bíi J. C. Leyendecker àti ti Norman Rockwell, ẹni tó ń yàwòrán fún wọn láti 1916 títí di 1963. Mo tún fẹ́ràn Amazing Stories, màgasíìnì ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, tí Frank R. Paul ya èèpo àkọ́kọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1926: àwọn ènìyàn ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí yìnyín, plánẹ́ẹ̀tì Saturn sì tóbi ràgàjì lójú ọ̀run lẹ́yìn wọn.

Inú bébà gan-an ni ọ̀tá wọn wà. Igi lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ásíìdì inú rẹ̀ ló sì ń sọ ọ́ di pípọ́n, tó ń mú kó máa rún. Ìdí nìyí tí mo fi ra ọ̀rá polyester, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Mylar, pẹ̀lú páálí tí kò ní ásíìdì.

Ó mọ́ gaara! Ọ̀rá polyethylene tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń ṣú díẹ̀ lójú, àmọ́ nínú èyí, mò ń rí ojú búrọ́ọ̀ṣì Leyendecker lọ́kọ̀ọ̀kan lára aṣọ àwọn tó yà. Ó tún le dáadáa, ìwé inú rẹ̀ kì í tẹ̀ tí mo bá gbé e. Ẹ má ra ọ̀rá náà láìra páálí o. Ásíìdì tí bébà ń tú jáde á há mọ́ inú ọ̀rá; calcium carbonate tó wà nínú páálí ló ń bá a jà.

Àléébù rẹ̀ tó dùn mí jù ni pé ó máa ń fa nǹkan mọ́ra, pàápàá tí ọwọ́ bá ti rá a lára. Tí etí èèpo bá ti ń ṣí, ọ̀rá á fà á, á sì ya. Orí páálí ni mo máa ń tẹ́ ìwé sí, n óò wá ti àwọn méjèèjì wọlé pọ̀, ibi tí wọ́n ti fi pín-ìn-nì dè é ló máa ń ṣáájú. Fún èyí tó ti gbó gan-an, tí pín-ìn-nì rẹ̀ ti dógùn-ún, ẹ wá ọ̀rá tí ẹ̀gbẹ́ méjì péré rẹ̀ lẹ̀ pọ̀: ẹ óò ṣí i, ẹ óò gbé ìwé lé e, ẹ óò pa á dé. Kò sí títì rárá.

Owó rẹ̀ wọ́n ju ti polyethylene lọ fíìfíì. Àwọn tí èèpo wọn ṣọ̀wọ́n ni mo ń rà á fún, àwọn yòókù wà nínú ọ̀rá olówó pọ́ọ́kú. Ọ̀rá tí wọ́n fi ike PVC ṣe nìkan ni n kò ní fi kan ìwé mi láé, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ íńkì bó bá pẹ́.

Ẹ fi rúlà wọn ìwé yín kí ẹ tó rà. Èyí tí wọ́n ń tà fún màgasíìnì lásán kò gba Saturday Evening Post àtijọ́, tó tó ínṣì 11 sí 14. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe é máa kọ ìwọ̀n inú ọ̀rá gan-an sára páàkì.