Ẹ̀kán kan ṣoṣo, ẹ má ṣẹ́jú: kẹ́míìsì tó kọ́ ìyá mi ní Bódìjà

Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní ọjà Bódìjà. Lóṣù tó kọjá, ojú ọ̀tún wọn pọ́n, ipin aláwọ̀ ìyeyè sì ń lẹ ìpéǹpéjú wọn pọ̀ láràárọ̀. Dókítà ní kì í ṣe Àpólò, torí fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ìyẹn, oògùn bakitéríà ò sì ràn án. Ó ní bakitéríà ni tiwọn, ó kọ chloramphenicol 0.5%, oògùn bakitéríà tí wọ́n ń kán sójú.

Níbi tí a ti kọ́kọ́ rà á, ọmọ tó tà á fún wa sọ ọ́ sínú láílọ́ọ̀nù, ó gbowó, ó tán. Ìyá mi ń kán ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn, wọ́n á ṣẹ́jú kíkankíkan, wọ́n á fi etí ìró nu ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ó ń ṣiṣẹ́ o, mo ń tọ́ ọ wò lọ́fun!" Títí di ọjọ́ kẹta, ipin ò dín, igo sì ti fẹ́ gbẹ.

La bá lọ sí kẹ́míìsì kékeré kan lẹ́yìn ọjà. Kí apòògùn ibẹ̀, ọmọbìnrin kan, tó ṣí fíríìjì, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n rí bí ẹ ṣe ń kán an." Ó wò ó tán, ó ní, "Ìkorò tí ẹ ń tọ́ wò yẹn, oògùn tó yẹ kó dúró sójú yín ni."

Ihò tóóró kan ló so ojú mọ́ imú, òun náà ló ń mú kí imú ṣomi béèyàn bá ń sunkún. Ẹ̀kán kan máa ń tó maikirolítà 30 sí 50 (1,000 rẹ̀ ló ń jẹ́ mílílítà kan), bẹ́ẹ̀ ojú ò lè gbà ju bí 30 lọ. Ẹ̀kán kejì kàn ń lé ti àkọ́kọ́ jáde ni. Bí oògùn méjì bá wà, ó ní kí a fi ìṣẹ́jú 5 sí àárín wọn.

Ó fọwọ́, ó fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi dà bí àpò kékeré. "Ẹ wo òkè, Màmá." Ẹnu igo ò kan ojú rárá. Ẹ̀kán kan bọ́ síbẹ̀. "Ẹ pa ojú dé jẹ́jẹ́, ẹ má ṣẹ́jú o." Ó wá fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ó ń wo aago ara ògiri títí ìṣẹ́jú 2 fi pé. Ìyá mi gbé itọ́ mì. "Kò mà korò!"

Ní ọjọ́ kẹrin tí a ti ń kán an bẹ́ẹ̀, ojú là. Mi ò ní ìka nìkan ló ṣe é, irú àrùn yìí a máa lọ fúnra rẹ̀ nígbà míì. Ṣùgbọ́n oògùn tí ò dúró sójú, owó ló dànù yẹn. Apòògùn náà tún kọ ọjọ́ tí a ṣí igo sára rẹ̀: bó bá pé ọjọ́ 28, ká jù ú nù.

Àga kan péré ló wà níbẹ̀, èrò sì ń pọ̀ bí ọjà bá ń tú. Ẹ yáa lọ láàárọ̀.