Gìrì nínú ọkọ̀ rímóòtù: èwo lẹ fẹ́ rà nínú 27 MHz, 40 MHz àti 2.4 GHz?

Àbúrò kan ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn gbé ọkọ̀ rímóòtù tòkunbọ̀ kan wá bá mi. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ojú ọmọ náà ti pọ́n fún ẹkún. A gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ lójúde. Mo kọ́kọ́ tan rímóòtù, mo fa áńtẹ́nà rẹ̀ yọ tán kí n tó tan ọkọ̀, nítorí bí a bá tan ọkọ̀ ṣáájú, ariwo lásán ni rísífà inú rẹ̀, ohun tó ń gba àṣẹ tí rímóòtù ń fi ránṣẹ́, á máa gbọ́. Síbẹ̀, mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí táyà iwájú fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tọ̀tún tòsì. Mo rọra fún un níná, ló bá ta gìrì, ó yà bàrá, ó lọ forí sọ kànga.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i? Gìrì ló ń mú un," ó ní. "Ẹni tó tà á fún mi ní kí n lọ ra rímóòtù 2.4 GHz tuntun. Ṣé kí n rà á?"

Mo ní kó ṣe sùúrù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré aládùúgbò wa ń dún lẹ́yìn ògiri. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa á fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Táyà iwájú dákẹ́, àmọ́ bí mo bá ti fún ọkọ̀ níná, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo bá tú mọ́tò tó ń yí táyà wò. Kàpásítọ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta, ohun kékeré tó ń gbé ariwo sípáàkì mì, ló yẹ kó wà lẹ́yìn mọ́tò yẹn, irú èyí tí wọ́n kọ 104 sí lára: ọ̀kan láàárín ẹnu wáyà méjèèjì, àwọn méjì yòókù láti ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan sí ara agolo mọ́tò. Ẹsẹ̀ méjì nínú wọn ti já. Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó tuntun mọ́ ọn. Owó wọn ò tó owó búrẹ́dì, ọkọ̀ náà sì lọ gbọọrọ láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń gbèrò àtira rímóòtù mọ̀ nìyẹn. Gìrì mẹ́ta ló wà, rímóòtù tuntun kì í sì wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sàn. Ọ̀kan ń ti ìta wá: rímóòtù ẹlòmíràn, púlọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀, rédíò àwọn awakọ̀. Èkejì ń ti inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wá: sípáàkì inú mọ́tò, irin tó ń kan irin, wáyà tó ti fẹ́ já. Ẹ̀kẹta kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbì rédíò rárá, ebi iná ló ń pa rísífà. Nọ́ńbà MHz tàbí GHz tó wà lára rímóòtù ló ń sọ irú ìgbì rédíò tó fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká wá gbé àwọn rímóòtù wọ̀nyí síra ká wo èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

27 MHz

Èyí ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ àtijọ́ tó ń wọlé láti Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Ẹ ó dá a mọ̀ lójú: áńtẹ́nà onírin gígùn lórí rímóòtù, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ọ̀pá ike lára ọkọ̀, àti kírísítà kékeré méjì tó ń pinnu ojú ọ̀nà tí ìgbì ń gbà, ọ̀kan nínú rímóòtù, ọ̀kan nínú rísífà. Ní Amẹ́ríkà, ojú ọ̀nà mẹ́fà péré ni ìgbì yìí ní fún ọkọ̀ rímóòtù, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀: 26.995 ni búráùn, 27.045 ni pupa, 27.095 ni olómi ọsàn, 27.145 ni yẹ́lò, 27.195 ni aláwọ̀ ewé, 27.255 ni búlúù. Bí ẹni méjì bá ní àwọ̀ kan náà, wọn ò lè jọ wa ọkọ̀ pọ̀. Rísífà yìí ò mọ ọ̀gá rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá pè é ló ń dá lóhùn. Rédíò CB tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ náà wà lórí 27 MHz, ọ̀kan tó bá sì kọjá lójú títì lè gba ọkọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.

Èyí tó jẹ́ AM nínú wọn ni sípáàkì máa ń yọ lẹ́nu jù. AM ń fi bí ìgbì ṣe lágbára tó jíṣẹ́, bẹ́ẹ̀ agbára ìgbì gan-an ni sípáàkì máa ń dà rú. FM sàn díẹ̀, nítorí kì í wo agbára ìgbì, bí ìgbì ṣe ń yára sí ló ń wò.

Ẹ wo wáyà áńtẹ́nà dáadáa kí ẹ tó sanwó. Ìgbì 27 MHz gùn tó mítà 11, nítorí náà wáyà nǹkan bí àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà tó wà lára rísífà ti kúrú tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n wáyà yẹn gan-an ni àwọn tó ṣe rísífà náà tò ó mọ́. Mo ti rí èyí tí wọ́n gé kó lè wọ abẹ́ bọ́dì, mo ti rí èyí tí wọ́n ká jọ bíi òwú ìránṣọ, tí wọ́n fi téèpù dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ kí gìrì tó mú un, ẹni tó ń tà á á sì ní rímóòtù ló ti gbó. Bí ẹ bá rí wáyà tí wọ́n gé, ẹ yọ ọ́ nínú owó.

40 MHz

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ní Ìlú Ọba, 40 MHz wà fún ọkọ̀ orí ilẹ̀ àti ti ojú omi, 35 MHz sì wà fún ọkọ̀ òfuurufú nìkan. Ní Amẹ́ríkà, 75 MHz ló dà bí ìbátan rẹ̀ fún ọkọ̀ ilẹ̀, ojú ọ̀nà 30 ló sì ní. Ó ju 27 MHz lọ ní ti pé ojú ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ sí i, CB kò sì sí níbẹ̀. Wàhálà kan náà ni ti kírísítà. Kírísítà rímóòtù àti ti rísífà kì í ṣe ọ̀kan náà: lọ́pọ̀ ìgbà, ti rísífà máa ń fi 455 kHz rẹlẹ̀ ju ti rímóòtù lọ. Bí àpẹẹrẹ, rímóòtù 27.145 ń bá rísífà tí kírísítà rẹ̀ jẹ́ 26.690 rìn. Bí ẹni tó kọ́kọ́ lo ọkọ̀ náà bá ti ṣi méjèèjì fi síra, ẹ lè máa wá àléébù kiri fún odidi ọjọ́ kan nígbà tí nǹkan kan ò bàjẹ́.

2.4 GHz

Èyí ni ọ̀pọ̀ rímóòtù tuntun ń lò báyìí, òun náà sì ni mo máa ń dámọ̀ràn fún ẹni tó fẹ́ ra tuntun. Kò ní kírísítà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ máa so rímóòtù àti rísífà pọ̀, wọ́n á mọ ara wọn, rísífà ò sì ní dá àjèjì lóhùn mọ́. Láàárín 2400 sí 2483.5 MHz, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fò láti ojú ọ̀nà kan sí òmíràn lemọ́lemọ́, kó fi jẹ́ pé bí Wi-Fi bá dí ibì kan, iṣẹ́ ti gba ibòmíràn kọjá. Ariwo sípáàkì mọ́tò àti ti jẹnẹrétọ̀ máa ń pọ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọhùn-ún lọ, nítorí náà díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbì rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 12.5 lọ, ìdí nìyẹn tí ìhòòhò orí áńtẹ́nà rísífà rẹ̀ fi tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré. Ẹ ṣọ́ orí yẹn bí ojú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi í sábẹ́ bátìrì tàbí sára kábọ́ọ̀nù fáíbà.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ ti tán. Omi ń gbé ìgbì yìí mì. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tó ń rìn lábẹ́ omi, kó dúró sórí 27, 40 tàbí 75 MHz, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan òun. Ògiri àti ewé tútù náà ń dín in kù. Ẹ tún rántí pé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀: FlySky AFHDS 2A, Spektrum DSMR àti Futaba T-FHSS kì í gbọ́ èdè ara wọn. Ẹ béèrè iye tí rísífà kan ń lọ kí ẹ tó ra rímóòtù, nítorí rímóòtù kan lè pọ́, kí rísífà rẹ̀ wọ́n.

Ebi iná

Ibí ni ọ̀pọ̀ owó ń ṣòfò sí. Rísífà 27 MHz kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù kí iná rẹ̀ lọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, servo, mọ́tò kékeré tó ń yí táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì, á kàn rẹ̀ díẹ̀ ni. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kékeré ni rísífà 2.4 GHz. Bí iná bá lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí i 3.5 volt, ọ̀pọ̀ wọn á kú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ yín á sì ti wà nínú gọ́tà kí wọ́n tó jí. Ẹni tó ti sanwó 2.4 nítorí gìrì lè wá rí gìrì tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti rí ọ̀rẹ́ mi kan tó pààrọ̀ rísífà lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ BEC rẹ̀, ohun tó ń fún rísífà àti servo lóúnjẹ, tó wà nínú ESC (ohun tó ń díwọ̀n iná tó ń lọ sí mọ́tò), ni kò lágbára tó servo ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀. Bí táyà iwájú bá ń gbọ̀n nígbà tí mọ́tò dúró jẹ́ẹ́, ìta ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ ìgbà tí mọ́tò ń yí nìkan ló ń gbọ̀n, inú ni: kàpásítọ̀, kábọ́ọ̀nù mọ́tò tó ti jẹ tán, wáyà. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ fún un níná tí ẹ sì yí i lọ́wọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ kú fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, tí iná rísífà ń ṣẹ́jú nígbà tó jí, ebi ni. Kí ẹ lè dá a lójú, ẹ yọ wáyà pupa kúrò nínú ẹnu ESC tó wọ rísífà, kí iná méjì má bàa pàdé, kí ẹ sì fi bátìrì AA mẹ́rin bọ́ rísífà lọ́tọ̀. Bí ọkọ̀ bá lọ gbọọrọ, ẹ fi rímóòtù yín sílẹ̀, BEC tó dá dúró ni kí ẹ lọ rà. Àwọn kan ń so kàpásítọ̀ 4700 µF mọ́ ẹnu rísífà tó ṣófo. Ó ń ran BEC tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lọ́wọ́, àmọ́ kò lè bọ́ servo tí BEC ò tó fún rárá. Ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dà síra, ó lè bẹ́.

Nípa mọ́tò, brushless kò ní kábọ́ọ̀nù, nítorí náà kò ní sípáàkì kábọ́ọ̀nù. Síbẹ̀ ESC rẹ̀ náà ń pariwo. Ẹ jẹ́ kí rísífà jìnnà sí i díẹ̀.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí ọmọ kan ṣoṣo bá ń ṣeré nínú ọgbà, tí ọkọ̀ 27 MHz sì pọ́, ẹ rà á, kí ẹ fi ìyókù ra kàpásítọ̀ àti bátìrì gidi. Bí ẹni púpọ̀ bá fẹ́ jọ máa wa ọkọ̀ pọ̀, 2.4 GHz nìkan ni kí ẹ wò. Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ tan rímóòtù àti ọkọ̀, ẹ fún un níná díẹ̀, ẹ wá pa rímóòtù, ẹ wo ohun tí mọ́tò máa ṣe. Bó bá dúró, failsafe rẹ̀, ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró bí kò bá gbọ́ rímóòtù mọ́, dára. Bó bá ń sáré lọ, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tò ó níwájú yín. Bí kò bá lè tò ó, ẹ fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ oníná tó sọnù lọ́wọ́ olùwà rẹ̀ lè ṣẹ́ ọmọ lẹ́sẹ̀.

Àbúrò tó gbé ọkọ̀ wá bá mi kò ra rímóòtù lọ́jọ́ yẹn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ló padà dé, ó ti ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kejì fún ọmọbìnrin rẹ̀. Mo tú rímóòtù rẹ̀, mo yọ kírísítà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́: yẹ́lò, 27.145, àwọn méjèèjì. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún un pé kó lọ ra 2.4 méjì, oríṣi kan náà, kó sì mú BEC dání bọ̀.