Ẹ Ṣọ́ra fún Kọ́míìkì Tí Èèpo Rẹ̀ àti Inú Rẹ̀ Kì í Ṣe Ọmọ Ìyá

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ra kọ́míìkì àtijọ́, pàápàá ẹ̀yin tí a jọ wà ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó tún sanwó fún ẹnikẹ́ni. Mi ò fẹ́ kó di pé ẹyẹ ò sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Dọ́là 1,100 ló bá èèpo ìwé kan lọ lọ́wọ́ mi, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Incredible Hulk nọ́ńbà 181 ni mo rò pé mo rà. Ẹni tó bá ti ń bá kọ́míìkì bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́ á mọ ìdí tí gbogbo ayé fi ń wá a. Oṣù kọkànlá ọdún 1974 ló wà lára rẹ̀, inú rẹ̀ sì ni Wolverine, akọni inú kọ́míìkì tó gbajúmọ̀ gan-an, ti kọ́kọ́ wọ̀jà ní kíkún, lẹ́yìn tó ti yọjú fìrí ní ìparí nọ́ńbà 180. Sẹ́ǹtì 25 péré ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Lónìí, èyí tó ti gbó pàápàá lè lé ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là.

Ọjà kọ́míìkì kan tí wọ́n ń ná lópin ọ̀sẹ̀ ní Houston ni mo ti pàdé ọkùnrin tó tà á fún mi. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ìwé náà wà nínú ọ̀rá, páálí wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá náà yí ká. Mo ní kó jẹ́ kí n tú u wò. Ó ní rárá, pé ìwé tó ti tó bí àádọ́ta ọdún lè ya mọ́ mi lọ́wọ́, bó bá sì ya, èmi ni n óò san gbogbo owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, àwọ̀ rẹ̀ dára, nọ́ńbà 181 hàn gbangba. Mo ka owó lé e lọ́wọ́.

Ilé ni mo ti tú u. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, jókòó tì mí, òun ló sì kọ́kọ́ fura. Ó ní, "Dádì, Wolverine dà?" A ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Hulk wà níbẹ̀ o, ara rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, ó ń fọ́ nǹkan kiri, ṣùgbọ́n kò sí Wolverine, kò sí Wendigo, ẹranko abàmì tí wọ́n jọ jà. Ìgbà náà ni mo tó wo ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti máa ń fi lẹ́tà wínníwínní kọ orúkọ ìwé, nọ́ńbà àti oṣù rẹ̀. Nọ́ńbà 189, oṣù keje ọdún 1975, ló wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti bọ́ èèpo 181 kúrò lára ìwé rẹ̀, ó fi wọ ìwé olówó pọ́ọ́kú.

Àwọn tó pẹ́ nídìí òwò yìí níbí máa ń sọ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ṣègbéyàwó: wọ́n mú èèpo láti ibì kan, wọ́n mú inú láti ibòmíràn, wọ́n so wọ́n pọ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá là á mọ́lẹ̀ fún ọ, tó sì dín owó rẹ̀ kù, kò burú. Ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò bíi CGC náà máa ń kọ ọ́ sára ike tí wọ́n bá fi ìwé sí. Èyí tí wọ́n dákẹ́ lé lórí ni jìbìtì.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àmì wà níbẹ̀, bí mo bá ti tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Omi ti ta sí igun ìsàlẹ̀ èèpo ẹ̀yìn rí, ó fi àbàwọ́n bíi tíì sílẹ̀. Ojú ewé tó fara kan igun náà gan-an mọ́ tónítóní. Omi wo ló máa rin èèpo jálẹ̀, tí kò ní kan ewé tó tẹ̀ lé e? Ẹ tún wo pín tí wọ́n fi gán ìwé náà. Nílé ìtẹ̀wé, ìgbà kan náà ni wọ́n máa ń gán èèpo àti ojú ewé 32 tó wà nínú pọ̀, tí wọ́n á sì gé etí wọn pọ̀. Ojú ibi mẹ́rin tí wọ́n ti gán an ló wà lẹ́yìn tèmi. Ìpẹtà ti yí ihò ibi méjì ká, kò sì sí pín nínú wọn. Pín tuntun tó ń dán ló wà níbi méjì yòókù. Èèpo náà tún yọ síta díẹ̀ ju inú lọ, bí aṣọ tí wọn ò rán fún ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o. Kì í ṣe gbogbo èèpo tó yàtọ̀ sí inú ni ẹ óò torí rẹ̀ mú òǹtajà. Ilé iṣẹ́ I.W. ti Israel Waldman, láàárín 1958 sí 1964, ń tún ìtàn àtijọ́ tẹ̀, wọ́n sì máa ń ya èèpo tuntun sí i. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá fi irú rẹ̀ pe ojúlówó tàtijọ́, irọ́ ló ń pa.

Lórí 181 yìí kan náà, ẹ béèrè sítáǹbù. Marvel, ilé iṣẹ́ tó ṣe ìwé Hulk, tẹ sítáǹbù kékeré sínú ìwé wọn lọ́dún 1974, pé kí àwọn ọmọdé gé e. Ti Shanna, akọni obìnrin kan nínú ìwé wọn, nọ́ńbà 54, ló wà nínú 181. Ìwé tí wọ́n bá ti gé e kúrò nínú rẹ̀, owó rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an. Àwọn kan á gé sítáǹbù láti ibòmíràn, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa á, kí ẹ sì ṣí ẹ̀yìn ewé náà wò bóyá ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ já gaara láìsí ojú ibi tí wọ́n ti gé e.

Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi owó ńlá ra Action Comics nọ́ńbà 1, ti ọdún 1938 tí Superman ti kọ́kọ́ jáde. Mo bá wọn fi rúlà wọ̀n ọ́n: ó lé ní íǹṣì 13 ní gígùn. Ojúlówó kò ju íǹṣì 10 àti díẹ̀ lọ. DC, ilé iṣẹ́ tó ni Superman, tún un tẹ̀ lọ́dún 1974 ní títóbi, wọ́n sì fi èèpo kejì bò ó láti fi hàn pé àtúntẹ̀ ni. Ṣe ni oníjìbìtì máa ń fa èèpo òde yẹn ya, inú á wá dà bí ìwé 1938 gan-an.

Nítorí náà, ẹni tó bá kọ̀ láti tú ọ̀rá, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Bó bá ní òun fúnra òun ló máa ṣí i, ẹ gbà fún un, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ ka ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ní kó ya fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́, kó ya àárín ìwé níbi tí pín wà. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ lórí PayPal bí ẹni ń fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, nítorí wọn kò ní bá yín gbà á padà. Owó tútù lèmi san, mi ò gba rìsíìtì. Nígbà tí mo padà lọ, ọkùnrin náà ní òun kì í gba ọjà tí wọ́n bá ti tú.

Mo ti fẹjọ́ sun àwọn tó ń bójú tó ọjà náà. Wọ́n ní ẹjọ́ ẹnìkan kò tó fún àwọn láti lé e kúrò, ó sì ṣì ń pàtẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ra ìwé tí wọ́n lẹ pa yí ká ní Houston, ẹ tú u lálẹ́ òní. Bí nọ́ńbà inú bá yàtọ̀ sí ti èèpo, ẹ ya fọ́tò méjèèjì kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ gbé e lọ bá wọn.