Ọsàn tí mo rà lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìkẹjà, lẹ́yìn ọdún márùn-ún

Ápù ni mo wá lọ. Àbúrò mi tó ń gbé ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi fọ́tò igi ápù ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: igi tí kò ga jù mí lọ, èso bò ó. Mo wọkọ̀ láti Agúda lọ sí Ìkẹjà, mo ní kí ọmọkùnrin tó ń ta igi lẹ́bàá ọ̀nà fún mi ní ápù. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò ní tà á fún yín. Ápù ń fẹ́ òtútù kó tó lè tanná dáadáa, Èkó ò sì ní in."

Inú mi dùn sí ìdáhùn yẹn, torí ẹni tí mo kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ta ọsàn tó hù látinú kóró fún mi, ó ní wọ́n ti lọ́ ọ, ìyẹn ni pé wọ́n ti so ẹ̀ka ọsàn mọ́ gbòǹgbò igi mìíràn. Ọdún mẹ́fà gbáko, ẹ̀gún ni mo rí, mi ò rí òdòdó kan.

Ọsàn Agége lọmọ yìí mú wá, ₦6,000. Kó tó gbowó, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Níbi tí wọ́n ti lọ́ ọ, igi náà wú díẹ̀ bí orúnkún ọmọdé. Ó já ewé kan lára ọ̀mùnú tó yọ nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó já òmíràn lókè, ó ní kí n fọwọ́ rún wọn. Ti ìsàlẹ̀ ń rùn bíi lẹ́mọ́ọ̀nù, ti òkè ń rùn bí ọsàn. Lẹ́mọ́ọ̀nù tí èèpo rẹ̀ rí págunpàgun ló ni gbòǹgbò náà. Ó ní ó máa ń tètè so, ọ̀gbẹlẹ̀ kì í sì í tètè pa á. Ó fọ̀bẹ gé ọ̀mùnú náà kúrò kó má baà gba oúnjẹ mọ́ ọsàn lẹ́nu.

Ó so lọ́dún kẹta lóòótọ́. Ọmọkùnrin náà ti kìlọ̀ fún mi pé tí ọmọ ọsàn bá ti tó ẹ̀wà, kí n já wọn dànù, kí n fi bíi mẹ́wàá sílẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbé e. Ohun tí mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá! Mẹ́tàlélógójì ni mo kà, ẹ̀ka kan tiẹ̀ fà ya. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì dé, òdòdó tí mo rí ò kún àtẹ́lẹwọ́ mi.

Mo fi ìbínú padà sí Ìkẹjà. Kò bá mi jiyàn, ó kàn bi mí pé, "Mélòó lẹ já?" Mo dákẹ́. Àbúrò mi ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, torí ó ti rí i lára ápù tirẹ̀: ìgbà tí èso ọdún yìí ṣì wà lórí igi ni igi ń pinnu òdòdó ọdún tó ń bọ̀. Kóró inú èso kéékèèké ń tú oje kan tí wọ́n ń pè ní gibberellin, òun ni kì í jẹ́ kí ojú ẹ̀ka di òdòdó. Ìyẹn ni ápù kan fi ń so bí ẹní bínú lọ́dún kan, tí á sì jókòó lásán lọ́dún kejì. Èso kan ṣoṣo ni àbúrò mi máa ń fi sílẹ̀ lójú ìdì kọ̀ọ̀kan báyìí. Gbòǹgbò M.9 ni igi tirẹ̀ dúró lé, irú gbòǹgbò ápù kan tí wọ́n fún ní nọ́ńbà ní ibùdó ìwádìí èso tó wà ní East Malling, ní Kent níbẹ̀. Òun ló mú igi náà kúrú, òun náà ló mú un tètè so, àmọ́ kò lágbára, òpó igi gbọ́dọ̀ máa tì í lẹ́yìn títí ayé rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo já tèmi. Lọ́dún yìí, òórùn òdòdó rẹ̀ wọ yàrá mi.

Ohun tí mo ní lòdì sí ọjà náà ò pọ̀. Omi ọsàn náà ò dùn tó èyí tí mo mọ̀ nígbà èwe mi, wọ́n sì ní bí gbòǹgbò lẹ́mọ́ọ̀nù yẹn ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ilẹ̀ inú ọ̀rá náà tún jẹ́ amọ̀, mo ní láti po ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà kí n tó gbìn ín. Síbẹ̀, màá tún rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀, kí oòrùn tó pa ewé. Ẹ bèèrè gbòǹgbò tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì rún ewé méjèèjì wò kí ẹ tó sanwó.