Irin nínú gààrí Ìjẹ̀bú inú ọ̀rá: àgbéyẹ̀wò mi, àti bí wọ́n ṣe dá mi lóhùn

"Ẹ kàn yọ ọ́ sọnù mà, kí ẹ máa mu ìyókù, gààrí náà ò ní nǹkan kan." Èsì tí ilé iṣẹ́ tó di gààrí náà kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nìyẹn, ẹnu ọmọ mi sì ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí mò ń kà á. Irin ọ̀hún bí mi nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n èsì yìí gan-an ló jẹ́ kí n jókòó máa tẹ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí.

Gààrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá ni mò ń sọ, oníkílò méjì, ó ní nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà lẹ́yìn ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, ẹ ó rí ìdí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá kà á délẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rà á, torí ká má parọ́, gààrí yẹn dáa. Ó kan débi tó yẹ kó kan, ó gbẹ, ó ń ró kàràkàrà lẹ́nu, tẹ́ ẹ bá bu omi tútù lé e, á rọra wú, kò ní rọ̀ kẹ́ ẹ tó da ṣúgà sí i. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí mi, owó gààrí ni ìyá mi fi rán wa níléèwé, nítorí náà tí mo bá ní gààrí dáa, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀sán Sátidé ni, oòrùn mú, iná ò sí. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní JSS 2 bu gààrí sí abọ́, ó da ẹ̀pà àti ṣúgà lé e. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo kàn gbọ́ "kọ́" lẹ́nu ẹ̀. Ó dúró, ó ki ìka bọ ẹnu, ojú ẹ̀ yí padà. Nígbà tó máa yọ ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ti wà ní ìka ẹ̀. Mo ní kó tu gbogbo ẹ̀ sórí àwo, mo bu omi ṣàn án, irin ló kù nílẹ̀. Mo fi rúlà ìwé ẹ̀ wọ̀n ọ́n, milimítà 9. Pẹlẹbẹ ni, etí ẹ̀ kan ká sókè, ó mú bí eyín ológbò. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n ojú ibi tó ti já ń dán yinrinyinrin, ìyẹn ni pé kò tíì pẹ́ tó já.

Ẹni tó bá ti dúró ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ rí máa dá irin yẹn mọ̀ kíá. Wọ́n máa ń fi ìṣó lu páànù níhò níhò, etí ihò yẹn á yọ síta, á mú, wọ́n á wá fi páànù náà bo igi róbótó tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Àwọn eyín yẹn ló ń ha ẹ̀gẹ́. Tó bá ti pẹ́, eyín á kú, ẹ̀gẹ́ ò ní kúnná mọ́, kí wọ́n pààrọ̀ páànù ló yẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn á tún mú ìṣó, wọ́n á lu ihò mìíràn sáàárín ti tẹ́lẹ̀, títí páànù á fi di jákujàku tí eyín á máa já sínú ẹ̀gẹ́ tútù, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i. Wọ́n á fún omi ẹ̀ dà nù, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á yan án. Ìyá mi máa ń sẹ́ gààrí lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tó bá yan án tán, kó tó rọ ọ́ sápò, irin tó tó báyìí ò lè gba ojú asẹ́ yẹn kọjá láéláé. Torí náà mo ti mọ̀ pé páànù ti já níbì kan, àti pé yálà wọn ò sẹ́ gààrí yẹn lẹ́yìn yíyan tàbí asẹ́ wọn ti ya. Ohun tó bá sì já sínú ọ̀rá tèmi, kò lè jẹ́ ọ̀rá tèmi nìkan.

Aládùúgbò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹnu ọmọ náà wò. Èrìgì ẹ̀ ló ya, kò jìn. Ìyá ọkọ mi ti ń sọ lórí fóònù pé kí n ro èbà líle fún un, kó gbé e mì wọ̀ọ̀, kó fi ti èyí tó bá ti wọlé lọ sísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Rárá o, mà, ẹ má dán an wò," pé nǹkan mímú tí èèyàn bá fi èbà tì lè gún ọ̀nà ọ̀fun, ká lọ ya X-ray, torí irin máa ń hàn nínú ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gbé irú ẹ̀ mì, tí àyà bá ń dùn ún, tí kò lè gbé itọ́ mì, tó ń bi ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ ẹ̀ dúdú, ọsibítù ló yẹ kó wà lójú ẹsẹ̀. A ya X-ray, kò sí nǹkan kan níkùn ẹ̀, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ti èbà yẹn sọ́kàn, torí ilé wa ni gbogbo wa ti kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ n wá padà sórí àwọn tó ń dáhùn WhatsApp. Mo fi fọ́tò irin náà ránṣẹ́, ti àwo tó ní ẹ̀jẹ̀, ti iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀rá. Lẹ́yìn "ẹ kàn yọ ọ́ sọnù" yẹn, mo ní, "Ọmọ ló fara pa o, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò mi, ẹni yòówù tó ń tẹ̀ ẹ́." Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Àwa máa ń sẹ́ gààrí wa dáadáa mà, bóyá inú ẹ̀pà ló ti wá." Ẹ̀pà! Ẹ̀pà tí mo fi ọwọ́ ara mi yan, tí mo fẹ́ èèpo ẹ̀ dànù. Mo ṣàlàyé páànù fún un bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún yín yìí. Ó dákẹ́. Nígbà tó yá ó ní kí n fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, wọn ó dá owó mi padà. Mo ní owó kọ́ ni mò ń bèèrè. Ó ní wọn ó fi ọ̀rá méjì ta mí lọ́rẹ, pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má gbé e sórí Facebook. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ yẹn, kò bi mí lẹ́ẹ̀kan péré pé, "Mà, kí ni batch number tó wà lẹ́yìn ọ̀rá yẹn?" Kí wá ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí? Gbogbo ọ̀rá tí wọ́n dì pọ̀ ló ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, tó bá di pé nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan, kí wọ́n lè lọ kó ìyókù. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀rá méjì pa mí lẹ́nu mọ́, ìyókù ṣì wà lórí káńtà tí àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń mu ún.

Mo gbéra, mo lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì tí mo ti rà á, ní Àkóbọ̀ n'Íbàdàn. Ọmọbìnrin tó ń gba owó ní, "Mọ̀mí, a kì í gba ọjà tí wọ́n ti tú." Mo ní mi ò fẹ́ dá a padà, ẹ pe máníjà. Máníjà dé, ó wo irin náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Èyí kékeré yìí? Ilé iṣẹ́ ló ṣe é o, àwa kọ́." Kì í ṣe kékeré o. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ka ohun líle tó mú nínú oúnjẹ, tí gígùn ẹ̀ bá ti wà láàárín milimítà 7 sí 25, sí ohun tó lè ṣe èèyàn léṣe, 9 sì ni tèmi. Mo sọ fún un pé gbogbo ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n kó àwọn tó ní nọ́ńbà yìí kúrò lórí igbá títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí n kọ email sí ọ́fíìsì àgbà wọn. Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ni bàbá kan ti kó méjì sínú básíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Mo fi irin hàn wọ́n, mo ní ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀rá yẹn, sà. Nọ́ńbà kan náà ni. Bàbá dá a padà, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ìyáa wa." Máníjà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé mò ń lé kọ́sítọ́mà. Mi ò dá a lóhùn. Mo fi owó ara mi ra ọ̀kan tó ní nọ́ńbà yẹn àti ọ̀kan tó ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀, mo gba rìsíìtì.

Ẹ̀yin náà lè ṣe ohun tí mo ṣe tẹ̀lé e yìí nílé. Mo gba mágínẹ́ẹ̀tì lára sípíkà tó ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò wa, mo fi ọ̀rá fẹ́lẹ́ wé e kí nǹkan tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lè rọrùn láti ṣí kúrò, mo tẹ́ gààrí sórí tíréè, mo ń rọra fà á kọjá. Èyí tó ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan níbẹ̀. Èyí tó ní nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú tèmi, mágínẹ́ẹ̀tì dúdú! Lẹ́búlẹ́bú irin ló dúró ṣánṣán yí i ká, eyín páànù kékeré kan sì wà láàárín ẹ̀. Mo ṣe fídíò, mo fi ránṣẹ́ sí WhatsApp wọn, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC àti FCCPC, àjọ tó ń gbèjà ẹni tó ń ra ọjà, ló kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìpè wọlé. Ọkùnrin kan ni, Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ti ń jẹun?" Òun lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè ọmọ nínú gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀kejì tó máa lanu, ó ní, "Ẹ bá mi ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ọ̀rá." Mo kà á, ó tún un kà fún mi. Inú mi rọ̀ wọ̀ọ̀, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀. Òun ló ń mójú tó bí gààrí ṣe ń jáde nílé iṣẹ́ náà, kò sì fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ó ní kì í ṣe àwọn ló ń lọ gbogbo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń lò, wọ́n ń ra gààrí tí àwọn obìnrin ti yan láwọn abúlé, wọ́n á wá sẹ́ ẹ, wọ́n á dì í. Mo bi í bóyá wọ́n ní mágínẹ́ẹ̀tì. Ó ní wọ́n ní in, ibi tí gààrí ń gbà wọlé ló wà, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ wò ó, irin ti bò ó, ẹnikẹ́ni ò nù ún, mágínẹ́ẹ̀tì tí irin bá sì ti bò ò lè di òmíràn mú mọ́. Asẹ́ náà ti ya létí. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò ti ìkankan sórí ẹ̀pà mi.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé píkọ́ọ̀pù wá s'Íbàdàn, ó kó gbogbo nọ́ńbà yẹn kúrò ní súpámákẹ́ẹ̀tì, máníjà tó pariwo lé mi lórí ló ń bá a gbé e. Ó wá kí wa nílé, ó wo èrìgì ọmọ náà, ó san owó X-ray. Ó bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní irin náà, mo ní ó tì, fọ́tò ni màá fún un, torí ẹ̀rí ni. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀ mà, ẹ tọ́jú ẹ̀." Irú òṣìṣẹ́ báyìí ò wọ́pọ̀, òun ni mi ò fi dárúkọ wọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà ní kí n pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó ní ẹnì kan ra bisikíìtì nígbà kan ní Kingsway, ilé ìtajà ńlá kan l'Ékòó, ó bá eyín tó ti jẹrà nínú ẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga sì dá ilé iṣẹ́ tó ṣe é lẹ́bi ní 1973. Òfin FCCPC ti 2018 náà sì wà lẹ́yìn ẹni tó ra ọjà. Mi ò tíì pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n mo ti kọ̀wé sí NAFDAC, irin, ọ̀rá àti rìsíìtì wà nínú àpòòwé.

Ohun tó ṣì ń dùn mí ni pé wọn ò kéde. Ọkùnrin yẹn ní àwọn ti pe àwọn tó ń bá wọn ta á láwọn ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti rà á lọ sílé ńkọ́? Ta ló pè é? Mo lọ wo ojú ewé wọn lórí Facebook, ìpolówó gààrí àti ẹja díndín ni mo bá níbẹ̀, kò sí batch number kankan. Ó tún ní wọ́n fẹ́ ra páànù stainless fún àwọn obìnrin abúlé yẹn, pé kì í dípẹtà. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú ọ̀pọ̀ stainless, tí eyín ẹ̀ bá já, ẹ ò ní rí i mọ́, àfi kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ tó ń dá irin mọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dì í tán. Ó ní òun á bá ọ̀gá òun sọ ọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Gààrí náà dáa, ọkùnrin yẹn sì ṣe bí èèyàn. Mi ò tíì jẹ́ kí ọmọ mi mu ún, mo sì ń fi mágínẹ́ẹ̀tì fa gbogbo èyí tí mo bá rà kí n tó rọ ọ́ sínú ike. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé nọ́ńbà yẹn sójú ewé wọn kí gbogbo ayé rí i ni màá fi ìkarùn-ún kún un.