Àwárí inú ìwé orin: FTS4 tó wà nínú fóònù, àbí FTS5 tí a ó dì mọ́ áàpù?

FTS4 àti FTS5 ni ẹ̀yà tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú SQLite, ibi ìpamọ́ dátà tí áàpù ìwé orin wa ń lò. Àwọn ìyá ìjọ wa ní Kubwa, l'Ábùjá, ṣì ń lo Android 5 àti 6, mi ò sì ní torí kóòdù tuntun já wọn sílẹ̀. Àmọ́ kóòdù àwárí àtijọ́ gbọ́dọ̀ lọ. LIKE, àṣẹ SQLite tó ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, ló ń lò: á ka gbogbo ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹni tó bá sì tẹ "olorun" kò ní rí "Ọlọ́run" kankan.

FTS4 ti wà nínú SQLite tó bá fóònù wá, áàpù ò ní wúwo sí i. Láti Android 5 ló ti ní unicode61, ẹ̀yà tó ń pín orin sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó sì ń bọ́ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀. Màmá kan tẹ "ese" lójú mi. "Ẹ̀ṣẹ̀" jáde, "ẹsẹ̀" náà jáde. Inú wọn dùn gan-an. Ohun tó kù ni pé FTS4 ò mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú, àwa la máa kọ ìyẹn fúnra wa.

FTS5 dé pẹ̀lú SQLite 3.9.0 lọ́dún 2015, ó sì ní bm25, ìṣirò tó ń to èsì kí èyí tó bá àwárí mu jù lè ṣáájú. Ṣùgbọ́n Android 7 ni SQLite 3.9 ti wọlé. Fóònù tó ṣáájú rẹ̀ kò lè ní FTS5, láti Android 7 pàápàá a ò sì lè gbára lé e pé ó wà nínú SQLite tó bá fóònù wá. Àfi ká di SQLite tiwa mọ́ áàpù, áàpù á sì wúwo sí i, dátà sì wọ́n. Bm25 pàápàá ò lè ya ẹ̀ṣẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ tí àmì bá ti lọ.

FTS4 ni mo mú.