Ọ̀dà Mẹ́wàá fún Yíya Ojú Ènìyàn: Èyí Tí Wọ́n Pè Ní Àwọ̀ Ara Ni Kò Wúlò

Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń lo àpótí ọ̀dà yìí, ojú ènìyàn 14 ni mo sì ti fi yà, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdérí rẹ̀ lánàá. Ọ̀dà olóróró ni. Túùbù 10 ni ó wà nínú rẹ̀, mìlílítà 40 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: Titanium White (funfun), Yellow Ochre (rúsúrúsú ilẹ̀), Vermilion Hue (pupa títàn), Alizarin Crimson (pupa jíjinlẹ̀), Burnt Sienna (pupa ilẹ̀), Burnt Umber (àwọ̀ ilẹ̀ tí ó ṣú), Terre Verte (àwọ̀ ewé ilẹ̀), Ultramarine (búlúù), Ivory Black (dúdú), àti èyí tí wọ́n kọ Flesh Tint sí lára, ìyẹn àwọ̀ ara. Wọ́n fi pálẹ́ẹ̀tì funfun oníke kan, ìyẹn àwo pẹrẹsẹ tí a ń po ọ̀dà lórí rẹ̀, kún un, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí ó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń po àwọ̀ fún oríṣiríṣi ara. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, nítorí pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ohun tí ó wà nínú ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì, ibi tí ọ̀kan sì ti kù díẹ̀ káàtó ni òmíràn náà ti máa ń kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí túùbù àwọ̀ ara yẹn bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń polówó ọjà náà. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde, píǹkì kan tí ó ṣú lójú ni mo rí, èyí tí ó jọ ara ọmọlangidi oníke ju ara ènìyàn kankan tí mo mọ̀ lọ. Mo yí ẹ̀yìn túùbù náà sókè láti ka àmì àwọn èròjà rẹ̀, mo sì bá PW6, PY42 àti PR101 níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ àmì wọ̀nyí yóò ti mọ̀ pé funfun, àwọ̀ pupa rúsúrúsú àti pupa ilẹ̀ lásán ni wọ́n pò mọ́ra wọn, ohun tí ènìyàn lè fi ọ̀bẹ pò fúnra rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé, láti inú túùbù mẹ́ta mìíràn tí ó wà nínú àpótí kan náà. Láti ọdún 1962 ni Crayola, àwọn tí ń ṣe kíréyọ́nù fún àwọn ọmọdé, ti yọ orúkọ Flesh kúrò lára kíréyọ́nù wọn, tí wọ́n sì sọ ọ́ di Peach. Ó yani lẹ́nu pé ohun tí wọ́n ti ṣàtúnṣe sí nínú kíréyọ́nù ọmọdé ni a ṣì ń bá lára ọ̀dà àwọn àgbàlagbà.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín awọ àti àwọ̀ nínú èdè wa kò ju ohùn lọ, bóyá ìyẹn náà sì wà lára ohun tí ń mú kí ènìyàn rò pé awọ kan, àwọ̀ kan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìmọ́lẹ̀ kì í ba lé awọ ara kí ó sì padà lójú ẹsẹ̀ bí ó ti ń ṣe lára ògiri. Ó máa ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀, yóò kan mẹ́lánìn tí ó ń sọ ara di dúdú, yóò kan ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nísàlẹ̀, kí ó tó jáde padà sójú ẹni tí ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí etí fi máa ń pọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn pẹ̀lú tí iwájú orí, níbi tí eegun ti súnmọ́ òkè, fi máa ń fẹ́ rí rúsúrúsú, tí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi máa ń pọ́n jù ú lọ, tí àgbọ̀n ọkùnrin tí ó fá irùngbọ̀n sì máa ń ní àwọ̀ eérú tí ó fẹ́ jọ ewé. Lójú ọkùnrin kan tí mo yà ní oṣù kejì, àwọ̀ 11 tí ó yàtọ̀ síra ni mo kà lórí pálẹ́ẹ̀tì mi kí n tó kúrò lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tí ó bá ti inú túùbù náà mu nínú wọn.

Ìwé pélébé náà ni ó bí mi nínú jù. Ohun tí ó wí fún ẹni tí ó bá fẹ́ ya ara dúdú ni pé kí ó bu Flesh Tint, kí ó sì máa fi Ivory Black kún un títí yóò fi dúdú tó. Ìyá àgbàlagbà kan, adúmáadán, ni mo kọ́kọ́ fi àpótí yìí yà, mo sì tẹ̀ lé ìwé náà bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ràn. Ohun tí mo rí kì í ṣe ara dúdú, eérú ni. Ojú ìyá náà rí bí ara tí ó ti pẹ́ tí kò rí ìpara, ó sì dà bí ẹni tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: funfun ni ó pọ̀ jù nínú túùbù yẹn, bí funfun àti dúdú bá sì ti pàdé, àwọ̀ eérú tí ó tutù, tí ó fẹ́ jọ búlúù, ni wọ́n máa ń bí. Ìgbà mẹ́ta ni mo fi ọ̀bẹ há ojú náà kúrò lórí kánfáàsì kí n tó gbé ìwé náà tì.

Ohun tí ó wá yọrí sí rere ni mo fẹ́ sọ dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni iyì àpótí yìí wà. Ọ̀rọ̀ náà adúmáadán fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà han ayàwòrán: ara tí ó dú, tí ó sì ń dán ni, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni dídú àti dídán lórí pálẹ́ẹ̀tì. Fún dídú, mo po Burnt Umber ìwọ̀n méjì mọ́ Burnt Sienna ìwọ̀n kan, mo sì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ bu Ultramarine díẹ̀ sí i. Òkùnkùn tí ó ti ibẹ̀ jáde jinlẹ̀, ó sì gbóná, Ivory Black kò sì lè bá a dọ́gba láéláé. Nígbà tí mo dé ibi tí ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀ díẹ̀, n kò na ọwọ́ sí funfun. Yellow Ochre àti Vermilion ni mo fi gbé àwọ̀ náà sókè, ìgbà tí agbára àwọn méjèèjì tán ni mo tó fi funfun tí kò tó orí abẹ́rẹ́ kún un. Ètè òkè gba Alizarin àti Umber, ti ìsàlẹ̀ sì gba Vermilion díẹ̀ ní àárín.

Dídán ni mo fi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ìyá náà jókòó sí, ojú ọ̀run ni ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i, nítorí náà ohun tí ń dán lórí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́, àwọ̀ ojú ọ̀run ni ara rẹ̀ ń dá padà. Mo po funfun, Ultramarine àti Umber kín-ún títí ó fi di búlúù eléérú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbé e lé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ká ọwọ́ kúrò láìfọwọ́ rà á. Ojú tí ó ti wà pẹrẹsẹ bí páálí tẹ́lẹ̀ wú síta lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹni tí ó bá ra ohun dídán yẹn mọ́ ìyókù ojú yóò tún padà sí eérú tí ó ti sá kúrò níbẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi náà ti ṣe é.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwa kì í sọ pé ó funfun, pupa ni a máa ń pè é, mo sì gbà pé ojú àwọn tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ríran. Pupa àti rúsúrúsú ni ìpìlẹ̀ irú ara bẹ́ẹ̀. Funfun kàn ń gbé e sókè ni. Àpótí yìí ṣe dáadáa níbẹ̀ láìní wàhálà, kódà ó ṣe ju bí ó ti yẹ lọ. Anders Zorn, ayàwòrán ará Swídìn tí ó gbé ayé láti 1860 sí 1920, ni wọ́n máa ń dárúkọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ pálẹ́ẹ̀tì kékeré, nítorí pé funfun, ochre, vermilion àti dúdú eyín erin ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Nínú àwòrán ara rẹ̀ tí ó yà ní 1896, ó gbé pálẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ kedere. Mo ya mẹ́ta nínú àwọn ojú 14 yẹn pẹ̀lú túùbù mẹ́rin wọ̀nyẹn nìkan. Dúdú tí a fi funfun lù máa ń ṣe bí búlúù bí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa, dúdú tí a fi ochre lù sì máa ń di àwọ̀ ewé tí ó dákẹ́, irú èyí tí a nílò lábẹ́ àgbọ̀n. Ṣùgbọ́n kò tó fún ara tí ó dú gan-an, nítorí pé òjìji rẹ̀ máa ń tutù jù, ibẹ̀ sì ni Burnt Sienna àti Umber ti di dandan.

Terre Verte inú àpótí náà kò lágbára, bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kí ó rí. Òun ni àwọn ayàwòrán Ítálì àtijọ́ máa ń tẹ́ sábẹ́ ojú kí wọ́n tó fi píǹkì lé e, ìdí nìyẹn tí ojú àwọn ẹni mímọ́ inú àwọn àwòrán wọ̀nyẹn fi máa ń rí bí ewé níbi tí ọ̀dà òkè ti ṣí kúrò. Èmi ń lò ó fún iṣan ọwọ́ àti ẹ̀gbẹ́ orí. Ẹni tí ó bá kun iṣan ní búlúù yóò rí i pé ó hàn gbangba jù. Àwọ̀ eérú tí ó ní Terre Verte díẹ̀ ti tó, ara tí ó gbóná ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni tí ń wò ó. Onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, Chevreul, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1839, pé àwọ̀ méjì tí a bá gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn máa ń yí ara wọn padà lójú.

Ní ti dídára ọ̀dà fúnra rẹ̀, n kò ní ẹjọ́ púpọ̀. Ó lọ̀ kúnná, ó sì nípọn níwọ̀n. Ultramarine ni òróró rẹ̀ máa ń ṣàn ṣáájú bí a bá ṣí ìdérí, ṣùgbọ́n ìwé nù-únnù kan ti tó fún un. Òróró irúgbìn safflower ni wọ́n fi po funfun, òróró irúgbìn linseed ni wọ́n fi po ìyókù. Èyí dára, nítorí pé kò ní jẹ́ kí funfun náà tètè pọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ kí ó tó gbẹ. Kí ẹni tí ó bá ń rà á mọ̀ pé Umber máa ń yára gbẹ nítorí máńgáníìsì inú rẹ̀, pé Ivory Black sì máa ń pẹ́. Mo fi dúdú tẹ́ ìsàlẹ̀ irùngbọ̀n kan, mo sì kun Umber lé e, ní oṣù kẹrin ibẹ̀ ti ṣán tínrín bí ilẹ̀ tí omi gbẹ lórí rẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi, àmọ́ ìwé pélébé náà ìbá ti sọ ọ́ dípò gbogbo ohun tí ó sọ.

Alizarin Crimson kì í ṣe ẹ̀bi mi. Àmì èròjà PR83 ni ó wà lẹ́yìn túùbù rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ máa ń pa àwọ̀ rẹ̀, pàápàá bí ó bá tínrín tàbí tí a fi funfun lù ú. Mo fà á sórí ìwé ní ìlà mẹ́ta, mo fi páálí bo ìdajì, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé fún oṣù márùn-ún. Apá tí páálí bò ṣì pọ́n; ìlà tí mo fi funfun lù jù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní apá kejì. Ẹ wo ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a fi èyí kùn fún ẹni tí yóò gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀ fún ogún ọdún. Mo ti fi pupa mìíràn tí àmì rẹ̀ jẹ́ PV19 rọ́pò rẹ̀, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tí ó bá ra àpótí náà láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Pálẹ́ẹ̀tì funfun náà tún wà níbẹ̀. Lórí ohun funfun, gbogbo àwọ̀ ni ó máa ń dúdú ju bí ó ti rí lọ, nítorí náà ènìyàn yóò rò pé òjìji rẹ̀ ti jinlẹ̀ tó, bí ó bá sì gbé e dé kánfáàsì tí ó ti kùn ní àwọ̀ ilẹ̀, yóò rí i pé kò tíì dé ibì kankan. Mo kun ẹ̀yìn dígí kan ní àwọ̀ eérú, orí ojú rẹ̀ ni mo sì ń pò ó sí báyìí. Bí mo bá ti pò ó tán, n óò fi ọ̀bẹ bu díẹ̀, n óò nà án sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí mo ń yà láìfi kàn án, nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, n óò sì pa ojú mi dé ìdajì: bí ọ̀dà orí ọ̀bẹ náà bá yọ sóde, kò tíì bá a mu.

Ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀, tí kò sì ní ọ̀dà kankan nílé, lè ra àpótí yìí, nítorí pé àwọn ọ̀dà ilẹ̀ inú rẹ̀ àti Ultramarine dára gan-an ni. Ẹni tí ó bá ti ní díẹ̀ lọ́wọ́, kí ó ra funfun ńlá kan, Ochre, Burnt Sienna, Burnt Umber, Ultramarine àti pupa kan tí ìmọ́lẹ̀ kò lè pa, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ṣe gbogbo túùbù náà, èyí tí kò mọ́gbọ́n dání, nítorí pé funfun mi ti tán lẹ́ẹ̀mejì, Burnt Sienna sì ti ká jọ dé ọrùn. Túùbù àwọ̀ ara ṣì kún. Ọ̀dà ti gbẹ mọ́ ìdérí rẹ̀, n kò sì tíì wá ohun tí n óò fi ṣí i.